Pọ́n-ùn Tí Mi Ò Tẹ̀

Mo ti ń fura sí Onitsha kí n tó mọ ibi tí wọ́n ti ń ra omi mu níbẹ̀. Ẹ má dá mi lẹ́bi. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Upper Iweka fún ìgbà àkọ́kọ́, tí ọkùnrin mẹ́ta jọ di àpò rẹ̀ mú, tí kálukú ń búra pé òun lòun máa bá a gbé e, báwo ló ṣe fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ aláàárù nínú wọn àti èyí tó jẹ́ olè? Mo di àpò mi mọ́ àyà, mo jágbe mọ́ wọn ní Yorùbá. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ofe Mmanu don land," ni wọ́n bá fi mí sílẹ̀, wọ́n lọ bá ẹlòmíràn. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Àǹtí tó ṣàlàyé fún mi pé ọlọ́bẹ̀ elépo ni wọ́n ń pè wá, pé bí wọ́n ṣe máa ń fi Yorùbá ṣẹ̀fẹ̀ nìyẹn. Èmi ò rí ẹ̀fẹ̀ kankan níbẹ̀. Kí ló kàn wọ́n nínú ọbẹ̀ mi?

Àbúrò ìyá mi ni Àǹtí yìí. Ó ti ń ta mílíìkì, ṣúgà àti bisikíìtì ní ọjà Bridge Head láti ìgbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àdúgbò Okpoko ló sì ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Òun ló ní kí n máa bọ̀ nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ kógbá sílé. Omi òjò máa ń wọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn ò dẹ́rù bà mí tó ọmọ rẹ̀ obìnrin. Mo kí ọmọ náà pé, "Ṣé dáadáa ni?" Ó wo ìyá rẹ̀ lójú, ó ní, "Mummy, wetin she talk?" Yétúndé ni wọ́n sọ ọmọ yìí o. Ìyá padà wá lóòótọ́, àmọ́ ó gbàgbé èdè sọ́nà.

Àǹtí fúnra rẹ̀ kò yé mi mọ́. Ó ń fi Ìgbò kí aládùúgbò, ó ń fi Píjín ná ọjà, Yorùbá ló kù tó fi ń bá mi wí. Bí òun àti ìyá ẹnu ọ̀nà kejì bá jọ ń sọ Ìgbò tí wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín, èmi tí mo jókòó lórí àpótí á máa rò ó pé èmi ni wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín. Bí mo bá bi í, á ní, "Ọ̀rọ̀ iye tí wọ́n ń ta ẹja ni." Mi ò gbà á gbọ́. Ẹja ò pa ènìyàn lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rẹ́ Àǹtí kan, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Madam, ló gbà mí síṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí Upper Iweka: kọ̀ǹpútà méjì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tó máa ń rún bébà, àti jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ilé. A ń tẹ ìwé ìsìnkú, ìwé ìwáṣẹ́, àti ìbéèrè ìdánwò fún àwọn ilé ẹ̀kọ́. Bí a bá ti tẹ ìbéèrè ìdánwò tán, a ó dà á sínú fláàṣì, tíṣà á gbé e lọ síbi tí wọ́n ti máa tẹ ẹ̀dà rẹpẹtẹ fún àwọn ọmọ.

Chinwe ló jókòó ti kọ̀ǹpútà kejì. Ó ti bá Madam ṣiṣẹ́ pẹ́, òun ló sì ń tẹ gbogbo ìwé ìṣirò. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ mo rí i tó ń tẹ ìbéèrè kan lọ wéréwéré. Bó ṣe dé ibi tí àmì kan wà, ó fa ìborùn ọrùn rẹ̀ bo kíbọọ̀dù. Ọwọ́ rẹ̀ wọ abẹ́ ìborùn, aṣọ mì díẹ̀, àmì yọ lójú kọ̀ǹpútà. Ó ká aṣọ kúrò, ó ń bá iṣẹ́ lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Mo na ọrùn.

"Sista, abeg, face your front," ni Chinwe wí. Kò tilẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́.

Mo wá rí i pé gbogbo atẹ̀wé ìlà wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò lè tẹ lẹ́tà. Àmì ìṣirò ni iṣẹ́, nítorí kò sí lára bọ́tìnì kankan, ọgbọ́n ni wọ́n fi ń pè é jáde. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà rẹ̀ ni àwọn tíṣà ń wá. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á fo àyè sílẹ̀, á fi bírò kọ ọ́ sí i, ojú á sì tì í. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kì í kọ́ ẹnìkejì. Ọmọ ìyá méjì wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ wa tí wọ́n jọ ń jẹun nínú abọ́ kan, àmọ́ bí wọ́n bá dé ìdí àmì, wọ́n á kọ ẹ̀yìn síra wọn.

Èmi náà ní ọgbọ́n tèmi. Mo kọ́ ọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Màá yí ojú lẹ́tà, ìyẹn fọ́ǹtì, padà sí èyí tí wọ́n ń pè ní Symbol, màá di bọ́tìnì Alt mú, màá tẹ nọ́ńbà mẹ́rin, àmì á yọ. Lẹ́yìn náà màá yí ojú lẹ́tà padà sí ti tẹ́lẹ̀. Ìtumọ̀ àwọn àmì náà kò ṣòro fún mi, nítorí tíṣà ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá mi. Láti kékeré ló ti fi ìka kọ ọ́ sórí iyanrìn fún mi: àmì yìí, ≤, tó dà bí ẹnu ẹyẹ tó là sí ọ̀tún tí ìlà wà lábẹ́ rẹ̀, ó ń sọ pé èyí tó wà lápá òsì lè bá ti ọ̀tún dọ́gba, àmọ́ kò gbọdọ̀ jù ú lọ.

Ìgbà tí Chinwe lọ sí abúlé wọn fún ìsìnkú ni mo rí ààyè. Ó kù díẹ̀ kó padà dé ni tíṣà ìṣirò ilé ẹ̀kọ́ kan gbé ìbéèrè wá, gbogbo rẹ̀ kún fún ≤ bí èèrà. Madam wò mí, ó wo ìwé náà, ó fẹ́ dá ọkùnrin náà padà.

"Madam, I fit type am," ni mo wí.

Mo tẹ̀ ẹ́. Mo fi ìwé ìsìnkú ńlá kan bo kíbọọ̀dù bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ, nítorí Madam dúró lẹ́yìn mi, mi ò mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ìwé náà jáde, ó mọ́, ó dán. Tíṣà yẹ̀ ẹ́ wò títí, kò rí àṣìṣe kankan, ó ní, "You try." Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni ẹ̀bùn àkọ́kọ́ tí Onitsha fún mi. Inú mi dùn débi pé mo kí awakọ̀ kẹ̀kẹ́ Márúwá tó gbé mi relé.

Mo pe bàbá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Bàbá máa ń pariwo sínú fóònù, bí ẹni tó ń pe ènìyàn lódìkejì odò.

"Àmì wo lo tẹ̀ lónìí?"

"Kò-gbọdọ̀-jù-ú-lọ ni, sà. Ó pọ̀ rẹpẹtẹ."

"Ọmọ mi! Ó la ẹnu sápá ọ̀tún?"

"Ó là á, sà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó pe ìyá mi pé kó wá gbọ́. Lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń ṣe dáadáa sí ẹ?"

"Wọ́n ń ṣe dáadáa, sà."

Irọ́ kọ́ ni, òótọ́ kọ́ ni. Ènìyàn kan ò lù mí, kò sẹ́ni tó gba nǹkan mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà nílé mọ ohun tí ẹ̀rín ará ilé rẹ̀ túmọ̀ sí, ó mọ èyí tó jẹ́ yẹ̀yẹ́, ó mọ èyí tó jẹ́ ìfẹ́. Ní Onitsha mi ò mọ̀ ọ́n. Gbogbo ẹ̀rín ló dà bí ilẹ̀kùn tí wọ́n tì, tí mo dúró síta tí mò ń tẹ́tí.

Chinwe dé láti abúlé, Madam sì sọ fún un pé èmi ni n ó máa tẹ ìṣirò ilé ẹ̀kọ́ yẹn láti ìsinsìnyí lọ. Mo ń wo ojú rẹ̀. Kò bínú. "No wahala" ló sọ, ó sì tan kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ìfarabalẹ̀ yẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ẹni tí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò bínú, ibo ló gbé ìbínú náà sí?

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ra okpa wá, oúnjẹ ẹ̀pà-rorò tí wọ́n ń jẹ ní gbígbóná láàárọ̀, ó pín in sí méjì, ó gbé ìdajì síwájú mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dúró kó kọ́kọ́ jẹ tirẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán, nǹkan kan ò ṣe é, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí jẹ tèmi, àmọ́ ó ti tutù. Chinwe bojú wò mí, ó mi orí, ó sì rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀. "Ofe Mmanu," ló wí. Ẹ̀rín yẹn náà, mi ò mọ ibi tí mo máa fi sí.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni tíṣà ìṣirò náà gbé ìbéèrè ìdánwò ìgbáradì wá. Mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa, mo tọ́jú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, mo jáde lọ jẹun. Nígbà tí mo padà, tíṣà ti wá gba fláàṣì rẹ̀ lọ. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ tí àwọn ọmọ ṣe ìdánwò náà ni tíṣà já wọ ṣọ́ọ̀bù. Ojú rẹ̀ le koko. Ó ju ìwé sórí tábìlì mi.

"Who type this thing?"

"Na me, sir."

"Wetin be this?"

Mo wo ibi tó fi ìka sí. Níbi tí mo tẹ x ≤ 5 sí, ohun tó wà níbẹ̀ ni x £ 5. Mo nu ojú. Mo wo ìsàlẹ̀. Pọ́n-ùn tún wà níbẹ̀. Gbogbo ibi tí ẹnu ẹyẹ wà tẹ́lẹ̀, owó Gẹ̀ẹ́sì ló jókòó síbẹ̀ báyìí.

"Pound! Inside mathematics!" ni tíṣà ń wí. "And e no dey for every question. Some get am, some no get. Who you dey mark question for? Na expo you dey run?"

Expo ni wọ́n ń pe kí ènìyàn máa tú ìdánwò síta fún àwọn ọmọ tó sanwó. Ọkùnrin yìí rò pé mo fi pọ́n-ùn ṣàmì sí àwọn ìbéèrè kan fún àwọn ọmọ kan tí a jọ ní àdéhùn. Mo búra. Mo ní ≤ ni mo tẹ̀, pé mo fi ojú ara mi rí i. Wọ́n ní ta ló wá tẹ pọ́n-ùn? Ìbéèrè yẹn náà ni mò ń bi ara mi. Mo yí ojú sí Chinwe. Ó ń tẹ ìwé ìsìnkú kan lọ, kò gbójú sókè.

Madam bẹ tíṣà títí ọkàn rẹ̀ fi rọ̀ díẹ̀. Ó ní òun á gbé ìbéèrè ìdánwò ìparí sáà wá, àmọ́ bí pọ́n-ùn bá tún yọ, òun á sọ fún gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tó wà ní ìlú. Nígbà tó jáde, Madam kọjú sí mi. Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn fún mi díẹ̀.

"Na your aunty I know," ló wí. "You, I no know you. If this thing happen again, you go carry your bag."

Bí ènìyàn bá wà nílùú rẹ̀, àṣìṣe rẹ̀ jẹ́ àṣìṣe lásán. Nílùú onílùú, àṣìṣe rẹ̀ á di ìwà gbogbo ará ilé rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá kúrò ní ṣọ́ọ̀bù yẹn pẹ̀lú orúkọ expo lọ́rùn, ṣọ́ọ̀bù mìíràn ò ní gbà mí, ojú Àǹtí á sì wálẹ̀ lójú àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Bridge Head. Ògbómọ̀ṣọ́ ló kù. Kí ni mo fẹ́ wí fún bàbá mi, tó ti sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ àwọn tíṣà àtijọ́ pé ọmọ òun ń tẹ ìṣirò fún àwọn ará Ìlà-oòrùn? Ó pè mí lọ́sẹ̀ yẹn, ó bèèrè àmì tí mo tẹ̀. Mo ní iná ò sí. Mo pa fóònù, mo sunkún sínú ìró Àǹtí.

Mo sọ ọ́ fún Àǹtí pé Chinwe ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀rí mi dúró gbọn-in lọ́kàn mi: nígbà tí Chinwe wà lábúlé, iṣẹ́ mi ò bàjẹ́. Ó dé, pọ́n-ùn dé.

"Chinwe? Ọmọ yẹn ò lè ṣe bẹ́ẹ̀," ni Àǹtí wí. "Mo mọ ìyá rẹ̀."

"Ẹ mọ ìyá rẹ̀, Àǹtí. Ṣé ẹ mọ òun náà?"

"Ìwọ ọmọ yìí, ìfura rẹ á pa ẹ́ lọ́jọ́ kan."

Mo wò ó. Mo ní lọ́kàn mi pé Onitsha ti gba òun náà lọ́wọ́ wa. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Mo pinnu pé èmi fúnra mi ni n ó dẹ pańpẹ́ fún olè.

Tíṣà gbé ìbéèrè ìdánwò ìparí sáà wá ní òwúrọ̀, ó ní òun á padà wá gbà á lọ́sàn-án. Mo tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń rìn lórí ẹyin. Nígbà tí mo parí, mo tẹ ẹ̀dà kan jáde, mo yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè délẹ̀. Gbogbo ≤ dúró sípò. Mo ká ẹ̀dà náà sínú báàgì mi. Mo na ara, mo yán, mo ní mo ń lọ ra oúnjẹ. Mi ò lọ síbì kankan. Ẹ̀yìn agbòòrùn obìnrin kan tó ń ta ọsàn lódìkejì títì ni mo sá sí, mo ń yọjú wo ẹnu ọ̀nà wa. Obìnrin náà bi mí lóhun tí mo fẹ́ rà. Mo ra ọsàn kí ó má bàa pariwo mọ́ mi.

Chinwe dìde. Ó na ọwọ́ sókè, ó jókòó sórí àga mi.

Mo sáré kọjá títì, díẹ̀ ló kù kí kẹ̀kẹ́ Márúwá gbá mi. "Chinwe! Wetin you dey do for my system?"

Kò gbọ̀n, kò sì yí padà. "I dey wash am," ló wí, ó fa fláàṣì yọ.

"Wash wetin?"

Ariwo mi mú Madam jáde láti ẹ̀yìn, tíṣà náà sì ń wọlé bọ̀ wá gba iṣẹ́ rẹ̀. Mo ní kí wọ́n ṣí fáìlì náà lójú gbogbo wa. Wọ́n ṣí i. Pọ́n-ùn, pọ́n-ùn, pọ́n-ùn, láti ìbéèrè kejì lọ. Mo fa ẹ̀dà mi yọ nínú báàgì tayọ̀tayọ̀. "See as I leave am! See as she spoil am!"

Mo retí kí Madam kọjú sí Chinwe. Èmi ló kọjú sí.

Ó ní òun lòun ní kí Chinwe máa fọ iṣẹ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ìgbà tí òun ti ṣí ṣọ́ọ̀bù nìyẹn: kí fáìlì tó jáde, ẹnìkan á mú gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á sọ ọ́ di ojú lẹ́tà kan, kí iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù má bàa rí wúruwùru. Wọn kì í kà á, wọ́n kàn ń fọ̀ ọ́ ni, wọ́n á sì dà á sínú fláàṣì. Ìgbà tí Chinwe lọ sí abúlé nìkan ni ẹnikẹ́ni ò fọ iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, nítorí kò sẹ́ni tó rò pé ẹnìkan wà láyé tí kò mọ̀ ọ́n.

"She dey wash her own too," ni Madam wí. "Her own no dey turn pound. Na only your own."

Tíṣà rọra fà sẹ́yìn kúrò níwájú kọ̀ǹpútà mi bí ẹni tó rí ejò. "So na hide she hide am," ló wí. "E dey wait make dem wash am before e show." Pańpẹ́ tí mo dẹ ti já mọ́ èmi fúnra mi lẹ́sẹ̀. Ẹ̀dà tí mo fi ṣẹ̀rí wá di ẹ̀rí pé inú iṣẹ́ mi ni ohun burúkú náà ti ń wá.

"Carry your bag," ni Madam wí.

Mo gbé báàgì.

"Madam, wait." Chinwe ni. Ó ti tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà mi, ó sì fa ojú ro. Ó bi mí pé, "How you dey bring out that sign?"

Ọkàn mi ní: òun nìyẹn. Ohun tó ń wá láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Yóò gba ọgbọ́n mi kún tirẹ̀, èmi á sì lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Mo fẹ́ dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, àti pé kí ni mo tún fẹ́ fi ọgbọ́n náà ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́? Mo jókòó. Mi ò fi nǹkan kan bo kíbọọ̀dù. Mo yí ojú lẹ́tà sí Symbol, mo di Alt mú, mo tẹ 0163. ≤ yọ.

Chinwe pàtẹ́wọ́. "Ehen! Na another face you dey borrow! If I wash am, I dey remove the face. Wetin remain for under na pound."

Madam ò lóye. "And your own nko? Why your own no dey change?"

Chinwe wo Madam, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wò mí. Mo mọ ìwò yẹn dáadáa, nítorí ohun tí èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rò lòun ń rò. Bó bá fi ọ̀nà rẹ̀ hàn, Madam á mọ̀ ọ́n, tíṣà á mọ̀ ọ́n, èmi á mọ̀ ọ́n, kí ló máa wá kù tí wọ́n á fi máa wá òun? Kó dákẹ́ ṣáà ni. Bó bá dákẹ́, mo ti lọ, gbogbo ìṣirò á padà sọ́wọ́ rẹ̀.

Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní ká súnmọ́ òun. Ó tẹ 2264 lójú gbogbo wa, ó di Alt mú, ó tẹ X. Nọ́ńbà náà pòórá, ≤ jókòó síbẹ̀. Ó fọ̀ ọ́. Àmì náà ò yẹ̀. Ó yí àga sí kọ̀ǹpútà tèmi, ó fọ ti èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀, pọ́n-ùn yọ. Ó tún un ṣe, ó tún un ṣe, títí tíṣà fi ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà fọ̀ ọ́ wò. Ó fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, pọ́n-ùn yọ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láìfẹ́.

"So na so," ló wí. "So na only where that sign dey, na there pound dey."

Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí. Tíṣà ní òun á dúró gba iṣẹ́ òun. Madam ní, "Oya, drop your bag, correct am," ó sì padà sí ẹ̀yìn. Mo gbé báàgì sílẹ̀.

Chinwe gbé àga rẹ̀ sún mọ́ tèmi. Ó ní kí n máa pe nọ́ńbà ìbéèrè, pé òun á máa pa pọ́n-ùn rẹ́, òun á máa fi àmì tòótọ́ rọ́pò rẹ̀. A ṣe díẹ̀. Mi ò lè mú un mọ́ra.

"You for keep quiet," ni mo wí fún un.

Kò gbójú kúrò lójú kọ̀ǹpútà. "Na my hand wash am," ló wí. "Dem go pursue you for wetin my hand do, then I go come dey look this chair every morning?"

Mo wá ẹ̀tàn nínú ọ̀rọ̀ náà bí mo ṣe máa ń wá a nínú gbogbo ọ̀rọ̀. Mo tú u wò lápá òsì, mo tú u wò lápá ọ̀tún. Kò sí níbẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti fi ilé sílẹ̀, kò tíì sí ẹni tó fi nǹkan tirẹ̀ gbà mí sílẹ̀, àfi ọmọ ọlọ́mọ yìí tí mò ń ṣọ́ bí olè. Omi bọ́ lójú mi sórí kíbọọ̀dù.

Chinwe fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún. "Abeg, no spoil Madam thing," ló wí. "Next one."

"Number eight," ni mo wí.